Ẹnu Ń Yìn, Ọwọ́ Ń Ya Aṣọ

"Ìdúró la máa ń ṣe é." Ohun tí ọmọbìnrin Màmá, ìyá àgbà Júù tí mò ń tọ́jú, sọ sí mi létí nìyẹn, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní itẹ́ òkú àwọn Júù lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í jókòó ya aṣọ. Ó ní láti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé wọn mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo fi tì wọ́n wọlé. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Gbé mi dìde."

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá wọn, mo gbé wọn sókè, mo fi àyà mi ti ẹ̀yìn wọn. Obìnrin kan fi abẹ gé ẹnu aṣọ wọn díẹ̀ lápá ọ̀tún, Màmá sì di ibẹ̀ mú. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan lédè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí mo wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà: ìbùkún ni fún Ọlọ́run, Onídàájọ́ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tí mo fi gbọ́ bí aṣọ ṣe ń ya. Ọmọ wọn ọkùnrin ló wà nínú pósí tó wà níwájú wa.

Ó ti pé ọdún díẹ̀ báyìí, mi ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Ẹnu ń yìn, ọwọ́ ń ya aṣọ. Kò sí ẹni tó wá sọ fún Màmá pé kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà wá láyè láti ṣe. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni ọkọ̀ pa àbúrò mi lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ọmọ ọdún 31 ni. Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde lákòókò náà, mi ò lè kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà orí fóònù ni mo ti gbọ́ ìsìnkú àbúrò mi. Mo gbọ́ bí ṣọ́bìrì ṣe ń ha ilẹ̀. Mo gbọ́ oníwàásù tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sunkún, pé ẹni tó bá ń sunkún, Ọlọ́run ló ń bá ṣe ẹjọ́. Ìyá mi kò sí níbẹ̀, torí ojú òbí kì í rí ibojì ọmọ. Inú yàrá ni wọ́n wà, àwọn èèyàn ń wọlé tò lé ara wọn: ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró, Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí. Tinútinú làwọn èèyàn náà fi kí wọn, mi ò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ń ṣe "Àmín" sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí èrò túká tán ni wọ́n dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì gùn.

Èmi náà dákẹ́. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, mò ń kọrin, mò ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ní í sọ fún un kò dùn ún gbọ́, láti kékeré ni mo sì ti mọ̀ pé ohun tí kò bá dùn ún gbọ́, a kì í gbé e síwájú Ọlọ́run. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń bá ẹni tó dùn ún gbé inú ilé kan náà, tó ń kí i láàárọ̀, tó ń gbé oúnjẹ fún un, tí kò sì bá a sọ nǹkan kan.

Ipò tí mo wà nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn, gbé mi dé Golders Green, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, sílé ìyá àgbà Júù kan. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò lè máa pe ẹni tó lè bí ìyá mi lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Mo ní Màmá ni màá máa pè wọ́n. Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Bí mo bá béèrè láàárọ̀ pé báwo lara, ìdáhùn kan náà ni: Baruch Hashem, ìbùkún ni fún Orúkọ Náà. Àwọn Júù kì í dédé pe orúkọ Ọlọ́run. "Orúkọ Náà" ni wọ́n ń sọ dípò rẹ̀. "A dúpẹ́" tiwa gan-an ni. Eegun ń dun èèyàn, a dúpẹ́. Owó ilé tó yẹ kéèyàn san, kò sí lọ́wọ́, a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni Màmá á mú ìwé Sáàmù wọn, ìwé kékeré tí etí rẹ̀ ti dúdú fún ọwọ́, wọ́n á máa kà á wúyẹ́wúyẹ́. Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí bàbá wa àgbà ti máa ń ka Sáàmù sórí omi fún aláìsàn. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní láàárín tiwọn náà, bí àìsàn bá le, àwọn èèyàn máa ń pín gbogbo Sáàmù, tó jẹ́ 150, mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè kà á tán lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó ń kà á lè má tilẹ̀ mọ aláìsàn náà sójú. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan wọ́n rí àwòrán àbúrò mi lójú fóònù mi, wọ́n béèrè rẹ̀, mo sì sọ. Wọn ò ní kí n má sunkún. Wọn ò sọ pé Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ló jókòó tì ọ́?" Mo ní kò sí. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé orúkọ nǹkan kan ni "jíjókòó" láàárín àwọn Júù.

Ìgbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ Màmá náà ni mo wá rí i. Shiva ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn méje, nítorí ọjọ́ méje ni. Àwọn ọmọ fi aṣọ bo gbogbo dígí inú ilé. Wọ́n yọ tìmùtìmù kúrò lórí àga Màmá, wọ́n sì gbé àga kúkurú wá fún ara wọn. Ilẹ̀kùn ìta kò ní àgádágodo láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹni tó bá dé má bàa kanlẹ̀kùn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àlejò kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á wọlé, á jókòó, á dákẹ́ títí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ á fi ya ẹnu. Bí onítọ̀hún kò bá sọ nǹkan kan, àlejò náà kò ní sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ni wọ́n ti kọ́ ọ: ọjọ́ méje, òru méje ni wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ṣe, ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Ọlọ́run fún un ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Mo rántí oníwàásù orí fóònù.

Lálẹ́, ọkùnrin mẹ́wàá á pé sínú pálọ̀ fún àdúrà, ọmọ olóògbé á sì sọ Kaddish. Mo ti máa ń rò pé àdúrà fún òkú ni Kaddish. Kò sí ọ̀rọ̀ ikú kankan nínú rẹ̀. Pé kí orúkọ Ọlọ́run tóbi ni, kí ìjọba rẹ̀ dé kánkán, kí àlàáfíà wà. Ẹni tó nídìí jù láti má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e lé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá a sọ. Bí ènìyàn mẹ́wàá kò bá pé, kò ní sọ ọ́ rárá. Á sọ gbólóhùn kan, àwọn yòókù á ṣe "Àmín." Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ohùn ọmọkùnrin náà gbọ̀n, ó dákẹ́ láàárín àdúrà. Kò sẹ́ni tó bá a gbà á. Wọ́n dúró dè é, gbogbo yàrá pa lọ́lọ́, títí ó fi rí ohùn rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn tí ọjọ́ méje pé, bí mo ti ń da ṣúgà sínú tíì fún Màmá, wọ́n bi mí pé kí là ń pe emuná lédè wa. Mo ní ìgbàgbọ́ ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: kéèyàn gbà, kó sì gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tiyín, etí ló ń ṣiṣẹ́. Tiwa, ọwọ́ ni." Wọ́n ní kí n ṣí Ẹ́kísódù orí 17.

Mo mọ ìtàn náà láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ámálékì gbógun ti Ísírẹ́lì nínú aginjù, Mósè sì dúró lórí òkè. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lókè, Ísírẹ́lì á borí. Bí ó bá wálẹ̀, Ámálékì á borí. Ọwọ́ Mósè wúwo. Árónì àti Húrì gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀, ó jókòó, àwọn méjèèjì sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí oòrùn fi wọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lédè Hébérù. Níbi tí Bíbélì wa ti sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, emuná ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ emuná títí oòrùn fi wọ̀. Gbòǹgbò kan náà ló bí ọ̀rọ̀ náà àti "Àmín." Apá tó ti rẹ̀, tí kò wálẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe agbára ẹni tó ni apá náà ló gbé e dúró. Ẹni tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójúkojú kò lè dá ọwọ́ ara rẹ̀ gbé.

Màmá fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa òkúta yẹn. Àwọn olùkọ́ inú Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àtijọ́ àwọn Júù, béèrè pé, ṣé Mósè kò ní tìmùtìmù ni? Wọ́n ní Mósè ló sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Ísírẹ́lì wà nínú ìnira, òun náà á bá wọn wà níbẹ̀. Mo wo àga Màmá. Wọn ò tíì dá tìmùtìmù rẹ̀ padà.

Bitachon, ìyẹn ìgbẹ́kẹ̀lé, tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn Júù fúnra wọn kò sì fẹnu kò lórí rẹ̀. Láàárín àwọn Lubavitch, ìjọ kan láàárín àwọn Júù, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Rebbe wọn kẹta, ìyẹn olórí wọn: ronú rere, yóò sì dára. Ìgbẹ́kẹ̀lé fúnra rẹ̀ a máa fa ire wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìwàásù ní Nàìjíríà rí á mọ ohùn yẹn. Ṣùgbọ́n Rábì Avraham Yeshaya Karelitz, tí wọ́n mọ̀ sí Chazon Ish, tó kú ní Bnei Brak lọ́dún 1953, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe ni kéèyàn rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni kó dá a lójú pé ohun tó ń fẹ́ ló máa ṣẹlẹ̀. Bí wòlíì kò bá tíì sọ ọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀la máa bí. Ìgbẹ́kẹ̀lé, lójú tirẹ̀, ni kéèyàn mọ̀ pé kò sí ohun tó kàn ṣàdédé ṣẹlẹ̀, pé ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀ wà. Mi ò kì í ṣe Júù, kò sì kàn mí láti dájọ́ láàárín wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà mí là. Ìyá mi gbàdúrà fún àbúrò mi láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde nílé. Wọ́n gbàdúrà náà, wọ́n sì gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ pé bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ṣe tó ni ọ̀nà á ṣe dán tó, a jẹ́ pé ìyá mi ló jẹ̀bi. Mi ò ní gba ìyẹn láéláé.

Póláǹdì ni ìdílé bàbá Màmá ti wá, ẹnu wọn ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Rábì Kalonymus Kalman Shapira, Rebbe ti ìlú Piaseczno lẹ́bàá Warsaw. Mo ti wá kà nípa rẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà. Olùkọ́ ọmọdé ni. Lọ́dún 1923 ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Warsaw, ó sì kọ ìwé lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ ọmọ láìfi ìbẹ̀rù bà á jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1937. Ní oṣù September 1939, nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí Warsaw, àfọ́kù bọ́ǹbù ba ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyàwó ọmọ náà àti obìnrin mìíràn nínú ẹbí dúró síta ilé ìwòsàn, bọ́ǹbù mìíràn sì pa wọ́n níbẹ̀. Ọmọ náà kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, láàárín àjọ̀dún Àgọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá Rábì náà fi kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November ọdún náà, ó dìde láti wàásù. Ibi tí kíkà Tórà (ìwé márùn-ún Mósè) ọ̀sẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni ikú Sárà. Ìbéèrè àtijọ́ kan wà láàárín wọn: kí ló dé tí ikú Sárà fi tẹ̀ lé ìgbà tí Ábúráhámù fẹ́ fi Ísáákì rúbọ? Ìdáhùn àtijọ́ ni pé ìgbà tí Sárà gbọ́ pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa ọmọ òun ni ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀. Rábì náà kò dúró síbẹ̀. Ó ní Mósè mọ̀ọ́mọ̀ to ìtàn méjèèjì tẹ̀ léra láti fi bẹ Ọlọ́run, kó lè rí i pé ìyà tó bá kọjá agbára a máa pa èèyàn, àní ẹni bí Sárà. Ó tilẹ̀ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: ó ní Sárà fúnra rẹ̀ kọ̀ láti fara dà á, kó lè fi han Ọlọ́run pé ó ti pọ̀ jù. Kò dárúkọ ọmọ tirẹ̀. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ ṣáà mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Mo ka ìyẹn lórí bọ́ọ̀sì, mo sì pa ìwé náà dé. Rábì ni, níwájú ìjọ, lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn Júù, tó ń sọ fún Ọlọ́run pé ó ti pọ̀ jù. Kò sì kúrò níwájú Ọlọ́run láti sọ ọ́.

Ní November 1940 ni Jámánì ti gẹ́tò Warsaw pa, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n kó àwọn Júù sí. Ó ju 400,000 Júù lọ tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀. Ebi àti àìsàn ń pa wọ́n lójú títì. Rábì náà ń wàásù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, ó mú ọ̀rọ̀ kan jáde nínú Talmud, pé Ọlọ́run ní iyàrá ìkọ̀kọ̀ kan tó ti ń sunkún. Ó ní ẹkún náà pọ̀ débi pé bí ayé bá gbọ́ ọ, ayé á fọ́. Ẹni tó bá dá sunkún, ẹkún náà lè wó o palẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú iyàrá yẹn lọ bá Ọlọ́run sunkún, á rí agbára jáde. Ọlọ́run tí oníwàásù wa ní kí n má bá ṣe ẹjọ́, Rábì yìí ní kí n lọ jókòó tì í.

Ní ọjọ́ 22 oṣù July 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará gẹ́tò lọ sí Treblinka, ibùdó ìpànìyàn. Títí di ọ̀nà ìparí September, nǹkan bí 265,000 ni wọ́n ti kó lọ pa. Wọ́n mú ọmọbìnrin Rábì náà lọ pẹ̀lú. Rábì náà ti sọ tẹ́lẹ̀ nínú ìwàásù kan pé irú ìyà báyìí ti jẹ àwọn baba ńlá wọn rí, pé kò yẹ kó ba ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ní ìparí 1942, ó padà sórí ìwé náà, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ohun tí òun sọ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Kò fa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ya, kò sì ṣe bí ẹni pé òun kò sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn nínú gẹ́tò náà ni ìgbàgbọ́ kúrò lọ́kàn wọn, mi ò sì rò pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lẹ́nu láti wọ̀n wọ́n wò.

Ó fi ìwé ìwàásù náà lé àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ gẹ́tò jọ lọ́wọ́, lábẹ́ ìdarí òpìtàn Emanuel Ringelblum, ó sì fi lẹ́tà tì í pé kí ẹni tó bá rí i bá òun fi ránṣẹ́ sí arákùnrin òun nílẹ̀ Ísírẹ́lì. Inú agolo wàrà ńlá ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì rì wọ́n mọ́ ilẹ̀. Wọ́n pa Rábì náà ní ibùdó Trawniki, ní November 1943. Ní December 1950, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láàárín àlàpà Warsaw kan agolo náà, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Ísírẹ́lì ní 1960.

Lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn Júù ń fi ṣọ̀fọ̀ Tẹ́ḿpìlì tó wó, mo bá Màmá jókòó nínú ilé, wọ́n ń ka Ẹkún Jeremáyà. Ẹsẹ tó kẹ́yìn ìwé yẹn le púpọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń bi Ọlọ́run bóyá ó ti kọ̀ wọ́n pátápátá. Wọ́n kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀, tó ní kí Ọlọ́run yí wọn padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì tún un kà kí wọ́n tó pa ìwé dé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìjọ wọn ń ṣe é lọ́dọọdún. Màmá tún fi Sáàmù 88 hàn mí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sáàmù ẹkún yòókù, ibì kan á wà tí ọ̀rọ̀ á ti yí padà sí ọpẹ́. Ti 88 kò yí padà. Inú òkùnkùn ló parí sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn. Sáàmù 121 àti 23 ni gbogbo èèyàn ti ń kà fún wọn láti ìgbà yẹn. Mo béèrè bóyá mo lè ka ọ̀kan fún wọn, wọ́n ní kí n kà á. Mo ka 88 dé ibi òkùnkùn tó wà ní ìparí rẹ̀, mi ò sì fi nǹkan kan kún un. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò láti inú fóònù. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi bú sẹ́kún, mo sì jókòó tì wọ́n lórí fóònù, mi ò ní kí wọ́n dákẹ́. Ìgbà tó yá, wọ́n fọn imú.

"Padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ibi tó ti pe orúkọ Ọlọ́run. Tún ibẹ̀ kà fún mi."

Mo tún un kà.

"Àmín," ni ìyá mi wí.